Òṣùwọ̀n Ìpìlẹ̀ fún Ìmìtìtì Ọpọlọ Láàárín Ọ̀dọ́ Eléré Ìdárayá: Ìjàkadì Ọ̀fà àti Èdè Ìdánwò

Ó ṣòro láti sọ̀rọ̀ Ọ̀fà kí a má dárúkọ ìjàkadì. Inú oríkì ìlú náà ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí orò, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí eré lásán; nínú ọdún Onímọká, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ àti Ẹ̀sà, olóyè àgbà, a máa di ara wọn mú lójú gbogbo ìlú. Ìjàkadì ti ọba àti ìjòyè jẹ́ ti àṣà, kò sì sí ewu nínú rẹ̀. Èyí tí ó ní ewu ni ti àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 tí wọ́n ń ja ẹkẹ lórí iyanrìn, tí wọ́n ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé, tí wọ́n sì ti kọ́ láti kékeré pé ẹni tí a bá dá gbọ́dọ̀ tètè dìde, kí ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, kí ó sì rẹ́rìn-ín. Inú ìtètè-dìde yẹn gan-an ni ọ̀ràn tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò wà. Ọmọ tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ lè dìde, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì padà sínú eré, nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì padà sí ipò.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú agbárí

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní concussion ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìmìtìtì ọpọlọ. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ni ó sì wà nínú agbárí. Bí orí bá gbá nǹkan, tàbí bí ara bá gba ìkọlù tí ó mú kí orí fì lójijì, ọpọlọ a mì, a sì yí díẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé ìròyìn láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì a nà ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn èròjà oníyọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú wọn a jáde, èyí tí ó yẹ kí ó wà lóde a wọlé. Ọpọlọ a wá nílò agbára púpọ̀ láti tún gbogbo rẹ̀ tò, ní àkókò kan náà tí ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé agbára wá kì í tó. Ìdí nìyí tí àwòrán agbárí, ìbáà ṣe ti x-ray tàbí ti CT, fi sábà máa ń mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ ọpọlọ ni ó dàrú, kì í ṣe ìrísí rẹ̀.

Ìdákú kì í sì í ṣe àmì tí ó ṣeé gbára lé. Nínú ìmìtìtì ọpọlọ mẹ́wàá tí ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá, èyí tí ìdákú bá bá rìn kì í sábà tó ọ̀kan. Síbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn òǹwòran ni, "Ṣé ó dákú?" Bí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn a bu omi tútù sí i lórí, eré a sì máa bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó rí bí ọ̀ràn náà ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni ńlá. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Victor Osimhen ṣubú nígbà tí Napoli ń bá Atalanta gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Bergamo. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ gbá ilẹ̀, wọ́n gbé e kúrò lórí pápá lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ó sì sùn mọ́jú. Òun ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọmọ ilé-ìwé gírámà ní olùkọ́ eré ìdárayá, ẹni tí ó tún ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta ní ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ewu méjì ni ó wà nínú kí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ mì padà sínú eré. Ọ̀kan jìnnà: ìpalára tí ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú èyí tí Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tí ń yẹ òkú wò ní Pittsburgh, rí nínú ọpọlọ Mike Webster ní 2002, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 2005. Èkejì kò jìnnà rárá. Bí orí bá tún gbá nǹkan kí ọpọlọ tó tún ara rẹ̀ tò tán, ọpọlọ ọ̀dọ́ lè wú lójijì, ikú tàbí àbọ̀ ara sì lè tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń bá jà jù. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 kan, Zackery Lystedt, padà sínú eré lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti gbá ilẹ̀ ní 2006, ó sì di aláàbọ̀ ara. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2009, pé ọ̀dọ́ eléré tí a bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá, kí ó má sì padà láìjẹ́ pé oníṣègùn fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí yóò fi di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí òṣùwọ̀n fi gbọ́dọ̀ ṣáájú

Òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dúró, bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé nǹkan, bí ó ṣe ń rántí ọ̀rọ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí ní ọjọ́ tí ohunkóhun kò ṣe é. Kí sáà eré tó bẹ̀rẹ̀ ni a máa ń ṣe é. Bí orí rẹ̀ bá wá gbá nǹkan ní àárín sáà, wọn yóò tún ìdánwò kan náà ṣe, wọn yóò sì fi èkejì wé èkíní. Ọmọ náà ni a fi ń wé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tí ara wọn le koko lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ọ̀kan ṣe àṣìṣe 2, kí èkejì ṣe 8, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Vienna ní 2001 lórí ọ̀ràn yìí ni wọ́n ṣe ìwé ìdánwò tí a mọ̀ sí SCAT lẹ́yìn ìpàdé wọn ní Prague ní 2004. Èyí tí ó jáde lẹ́yìn ìpàdé Amsterdam ti 2022 ni SCAT6, fún ẹni ọdún 13 sókè, àti Child SCAT6 fún ọmọ ọdún 8 sí 12. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò sọ pé òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀ jẹ́ dandan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó wúlò, ṣùgbọ́n oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ lè ṣe ìpinnu láìsí i. Ìdájọ́ náà tọ́ níbi tí oníṣègùn bẹ́ẹ̀ wà nítòsí. Ní ìlú tí ẹni tí yóò yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ìṣubú kò tíì rí i rí, tí ó sì lè jẹ́ Ìlọrin ni wọn yóò gbé e lọ, ìwúlò àkọsílẹ̀ kan tí ó sọ bí ọmọ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ ní Amsterdam lọ.

Ìdúró

Ohun mẹ́ta ni ara ń lò láti dúró láìṣubú: ojú, etí inú, àti ìròyìn tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ẹsẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Ọpọlọ ni ó ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ọpọlọ bá mì, ó lè jẹ́ pé ojú kò fọ́, etí kò di, ẹsẹ̀ kò sì dá, síbẹ̀ kí ìpapọ̀ wọn dàrú. Ìdánwò tí a ń pè ní BESS, tí wọ́n ṣe ní University of North Carolina, ń yọ àwọn ìrànlọ́wọ́ yìí kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yóò bọ́ bàtà, yóò di ojú, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Yóò dúró lọ́nà mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kì í fi gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ọmọ-ìka ti ẹ̀yìn. Yóò ṣe é lórí ilẹ̀ líle, yóò sì tún un ṣe lórí fóòmù, nítorí fóòmù ń da ìròyìn àtẹ́lẹsẹ̀ rú. Olùdánwò yóò máa ka àṣìṣe: bí ọwọ́ bá kúrò ní ìbàdí, bí ojú bá là, bí ó bá gbé ẹsẹ̀ tàbí kí ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bí gìgísẹ̀ tàbí iwájú ẹsẹ̀ bá gbé kúrò nílẹ̀, bí itan bá yà jù, tàbí bí ó bá kúrò ní ipò ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Àṣìṣe kì í kọjá 10 fún ìdúró kan. Inú SCAT6, ti orí ilẹ̀ líle nìkan ni dandan.

Kò sí ohun èlò tí ó wọ́n nínú gbogbo èyí. Aago wà lórí fóònù. Fóòmù lè jẹ́ èyí tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé èyí tí wọ́n lò ní ọjọ́ kìíní ni wọ́n lò ní ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bára mu: ẹni tí ó dúró lórí símẹ́ńtì ní ọjọ́ kìíní kò gbọdọ̀ dúró lórí iyanrìn lẹ́yìn ìṣubú. Àárẹ̀ náà ń fa àṣìṣe, nítorí náà ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gbọ́dọ̀ sinmi fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ná.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ajàkadì ti yàtọ̀. Ọmọ tí ó ti ń ja ẹkẹ láti kékeré ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti má yẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe 6 lẹ́yìn ìṣubú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò ní ó dára, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ tí ó fi hàn pé 1 ni ó ṣe ní oṣù méjì sẹ́yìn nìkan ni ó lè sọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ojú àti etí inú

Ìdàrú ìdúró sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Ti ojú àti etí inú lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní Pittsburgh fi gbé ìdánwò VOMS jáde ní 2014. Ọmọ yóò fi ojú tẹ̀ lé orí bírò tí ń rìn lọ rìn bọ̀, láìyí orí. Yóò máa gbé ojú kíákíá láàárín ìka méjì, ní ìbú àti ní òró. Wọn yóò gbé lẹ́tà kékeré kan bọ̀ wá sí imú rẹ̀ títí tí yóò fi di méjì lójú rẹ̀. Bí ó bá di méjì kí ó tó sún mọ́ imú tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, ó yẹ kí a fura. Yóò tẹ ojú mọ́ ohun kan, yóò sì máa mi orí ní ìbámu pẹ̀lú ìró tí ń lù ní ìgbà 180 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fóònù lè lu ìró náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ onílù kò nílò fóònù láti gbá a mú. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, wọn yóò bi í bí orí fífọ́, òòyì, èébì àti àìfọkànsí ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 10. Ìdáhùn yẹn ni èso ìdánwò náà. Èso náà sì wà lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bi í.

Èdè ìdánwò

Apá yìí ni ó kan onímọ̀ èdè jù lọ. Ìwé SCAT6 to àmì 22 tí ọmọ yóò fi 0 sí 6 díwọ̀n. Orí fífọ́, èébì, ìmọ́lẹ̀ tí ń ta ojú, ariwo tí ń dunni létí: àwọn wọ̀nyí kò ní wàhálà. Wàhálà wà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi àfiwé sọ̀rọ̀. Bí olùdánwò bá bi ọmọ Ọ̀fà bóyá kùrukùru bò ó, ọmọ náà yóò wo ojú ọ̀run bóyá ọyẹ́ ti dé. Ó sàn kí a bi í pé, "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun?" tàbí "Ṣé nǹkan ń yé ọ bí ó ṣe máa ń yé ọ?"

Èyí tí ó léwu jù ni ọ̀rọ̀ tí a bá so mọ́ orí. Orí nínú èrò Yorùbá kì í ṣe agbárí nìkan. Orí inú wà, òun sì ni ìpín ẹ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni "orí rẹ̀ dàrú" àti "orí rẹ̀ kò pé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣègùn lẹ́nu ará ìlú, ọ̀rọ̀ wèrè ni. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ ọdún 15 léèrè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ṣé orí rẹ̀ dàrú, 0 ni yóò dáhùn, ì báà jẹ́ pé kò mọ ẹni tí ó dá a. Ohun tí ìwé ìdánwò ń wá ni bóyá ọkàn ọmọ náà pa pọ̀, bóyá ó mọ ibi tí ó wà àti ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀nà wà láti bi í bẹ́ẹ̀ láìfi orí rẹ̀ ṣeré.

Òòyì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ebi ń pè, òun ni ibà ń pè, òun ni ẹni tí ó gbààwẹ̀ ń sọ ní ìrọ̀lẹ́, òun náà sì ni àwọn ọmọdé máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí kiri láti rí. Olùdánwò gbọ́dọ̀ pín in: ṣé ilé ni ó ń yí, àbí ojú ni ó ń ṣú, àbí ẹsẹ̀ ni kò gbé e dáadáa? Èyí tí ilé fi ń yí ń tọ́ka sí etí inú ju àwọn tó kù lọ. Fún ìdí kan náà, kò yẹ kí a gba òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì lọ́wọ́ ọmọ tí ń gbààwẹ̀, tàbí ní ọ̀sẹ̀ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ìdánwò ìrántí pẹ̀lú kò ṣeé túmọ̀ ní wéréwéré. Olùdánwò a pe nọ́ńbà, ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọ a sì dá a padà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì láti 1 dé 9, sílébù kọ̀ọ̀kan ni, àfi 7. Ti Yorùbá kò ní èyí tí ó dín ní sílébù méjì, àrùn-ún àti ẹ̀sàn-án sì ní mẹ́ta. Ìrántí kúkúrú wà lórí iye àkókò tí ọ̀rọ̀ ń gbà lẹ́nu: ní 1980, Ellis àti Hennelly fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbọ́ èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì ń rántí nọ́ńbà púpọ̀ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí nọ́ńbà èdè Wales gùn jù lẹ́nu. Nítorí náà, ọmọ tí ó ka nọ́ńbà 5 ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀, tí wọ́n wá fi Yorùbá dán wò lẹ́yìn ìṣubú kí ara lè tù ú, lè já sí 4 láìsí pé ọpọlọ rẹ̀ mì. Inú rere olùdánwò ni ó da òṣùwọ̀n rú. Òdìkejì rẹ̀ burú ju èyí lọ: bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó ṣáájú tí Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e, ìpalára gidi lè fara pamọ́.

Orúkọ oṣù tí a ń kà láti ẹ̀yìn nínú SCAT6 ń fi ohun mìíràn hàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ January dé December. Ṣẹẹrẹ, Èrèlé, Ẹrẹ́nà dé Ọ̀pẹ, inú ìwé ni wọ́n ti rí i, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i. Ẹni tí a bá ní kí ó ka èyí sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ Yorùbá rẹ̀ ni a ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ti àwọn ọmọdé, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni: ọmọ kan mọ Ajé àti Ìṣẹ́gun, èkejì mọ Mọ́ńdè àti Túsìdeè, ẹ̀kẹta, tí ó ń lọ sí ilé-kéwú, mọ Àtìní àti Àtàláátà. Èyí tí ó bá yọ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni wọ́n lò.

Ní ti ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ọmọ yóò gbọ́ tí yóò sì tún sọ, ohùn ni ó yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra fún. Ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé nínú àkójọ kan. Ní etí pápá tí ariwo pọ̀ sí, ẹni tí ó sọ ọkọ̀ dípò ọkọ́ lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́, kì í ṣe ẹni tí ó gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ láàárín Ìbọ̀lọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní Ọ̀fà, àti Yorùbá àjùmọ̀lò kò yẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àkójọ ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n nílò, nítorí ọmọ tí ó ti gbọ́ ọ̀kan yóò kọ́ ọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìwé tí ó tẹ̀ lé ọmọ

Àwọn ọmọ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe nígbà òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀, kí èyí tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn ìṣubú má baà jọ ìfàsẹ́yìn. Olùkọ́ tí ó bá rí ajàkadì gidi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí símẹ́ńtì kí ó pè é padà ní ọjọ́ kejì.

Ìdánwò yìí kò sì wà fún gbogbo ìṣubú. Ọmọ tí ó dákú, tí ó ń bì léraléra, tí gìrì mú, tí ọrùn ń dùn, tí nǹkan di méjì lójú rẹ̀, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tìpìrì, tàbí tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn tó kù yóò kúrò nínú eré ní ọjọ́ náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní ara àwọn ti yá. SCAT6 wúlò jù láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ 7 kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan mọ́. Ìsinmi díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, láìwo fóònù púpọ̀, ni ó kọ́kọ́ yẹ. Lẹ́yìn náà ìrìn, ẹ̀kọ́, eré díẹ̀díẹ̀ láìfara kan ẹnikẹ́ni, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì gba ó kéré tán wákàtí 24. Ti ọmọdé sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2023 fún eré ìdárayá àwọn ará ìlú kò gbà kí ẹnikẹ́ni padà sí ìdíje kí ọjọ́ 21 tó pé. Fún ibi tí kò sí oníṣègùn eré ìdárayá, iye ọjọ́ tí a kò lè bá jiyàn bẹ́ẹ̀ sàn ju ìdánwò tí ẹni kan ṣe ní kánmọ́kánmọ́ nítorí pé àṣekágbá ku ọ̀la.

Ìwé kan ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí ọjọ́, irú ilẹ̀, irú fóòmù, èdè tí wọ́n lò, àti orúkọ ẹni tí ó ka àṣìṣe wà lórí rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé-ìwé, kí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí fóònù òbí, nítorí lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọ bá ṣubú, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lè má sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún kan wọn yóò tún un ṣe, torí pé ọmọ ọdún 14 tí ó ti ga kì í dúró bí ó ṣe ń dúró nígbà tí ó wà ní 13.